Ilé Tí Wọ́n Ti Ń Rán Wa Níṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, Ìbàdàn ni mo ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta. Láti ìgbà tí mo ti relé ọkọ, kò sí Kérésìmesì tí a kì í lọ ṣe lọ́dọ̀ Màmá mi. Bàbá ti kú tipẹ́. Màmá náà jáde láyé ní oṣù kẹta ọdún yìí, ẹni ọdún 81 ni wọ́n. Láti ìgbà ìsìnkú ni ilé ti wà ní títì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní London ní kí a tà á, kí oníkálukú máa ṣe ọdún rẹ̀ níbi tó bá wà. Èyí tó wà ní Èkó kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún méje, wá bi mí léèrè pé, "Mọ́mì, ilé ta la máa lọ ní Kérésì?" Omi bọ́ lójú mi, mi ò rí èsì fọ̀. Ṣé ó tọ́ kí n kó àwọn ọmọ lọ sí ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀? Kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí?

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ẹ̀yìn Màmá á dára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín. Èmi náà ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, Ìpetu ni ilé bàbá mi, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń lọ láti agboolé kan dé òmíràn, tí mò ń gba ìtàn ìdílé sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ìbéèrè ọmọ yín ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló béèrè èyí tó le jù.

Ẹ wò ó dáadáa. Kò béèrè pé "ilé wo". "Ilé ta" ló wí. Ọmọ ọdún méje ti mọ̀ pé ilé kì í dá wà, ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀. Bí èdè wa náà ṣe rí i nìyẹn. Tí àgbà bá bi yín pé "Ọmọ ilé ta ni ọ́?", ẹ kò ní tọ́ka sí òrùlé. Baálé, ìyálé, ìyàwó ilé, ọmọ ilé, ìdílé: ẹ yẹ gbogbo wọn wò, kò sí èyí tó ń sọ ti bíríkì níbẹ̀. Èèyàn ni gbogbo wọn ń wí. Nítorí náà, tí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí ẹ máa wí fún un, mo ní kí ẹ sọ pé: "Ilé wa là ń lọ. Èmi ni màá máa rán ọ níṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún yìí." Màá ṣàlàyé ìdí tí mo fi yan ọ̀rọ̀ yẹn.

Tí mo bá ní kí èèyàn sọ Kérésìmesì ìgbà èwe rẹ̀ fún mi, ìrẹsì ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, á kan adìyẹ, á kan aṣọ tuntun tí télọ̀ kò tètè rán, á kan báńgà. Láàárín ìṣẹ́jú méjì ó ti tán, bákan náà sì ni gbogbo èèyàn ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá wá bi í pé, "Kí ni iṣẹ́ tiyín láàárọ̀ ọjọ́ náà?", ojú rẹ̀ á yí padà. Ọ̀kan á ní òun lòun ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì lórí atẹ. Ẹlòmíràn á ní iyán ni wọ́n ń gún nílé àwọn, òun ló sì ń di odó mú kó má yẹ̀. Bàbá kan tó ti lé ní 70 ọdún sunkún níwájú mi nígbà tó rántí pé iṣẹ́ òun ni láti di àtùpà mú ní ìdájí, kí ìyá òun lè rí ìyẹ́ adìyẹ fà. Ó ní ọyẹ́ mú, ọwọ́ òun ń gbọ̀n, ìyá òun ń wí pé, "Gbé e sókè díẹ̀ sí i, ọmọ mi." Ìyá yẹn ti kú láti nǹkan bí ogójì ọdún. Ohùn náà kò tíì kúrò létí rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni àwo. Tí ọbẹ̀ bá ti jinná, ìyá mi á to àwọn àwo tánganran sórí ẹní, á bu ìrẹsì sí wọn, á fi ẹran lé e, á dé e, á wá máa pè mí níkọ̀ọ̀kan. "Èyí ti Ìyá Alákàrà. Kúnlẹ̀ kí o tó gbé e fún wọn o. Èyí ti ilé Bàbá Lèmọ́mù, àwọn ló gbé apá àgbò wá ní Iléyá. Èyí ti Ìyá Onílé Ewé, wọ́n gba ẹ̀bí rẹ." Ọdún kan wà, mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó gbé àwo kan fún mi, ó ní, "Èyí ti ìyàwó àbúrò bàbá rẹ. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ láti oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n gbé e lọ, sọ pé mo ní wọ́n kú ọdún." Ẹ̀rù bà mí lọ́nà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, obìnrin náà wò mí, ó wo àwo, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wọlé. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó ti fọ àwo náà, ó ti nù ún, ẹyin mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Kí ìyá rẹ fún mi. Sọ pé mò ń bọ̀." Ó sì wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà yẹn, ẹrù ni mo rò pé mò ń gbé. Ìsinsìnyí ni mo mọ̀ pé ìyá mi ń fi ẹsẹ̀ mi tọ́ka àwọn tí wọ́n jẹ́ tiwa fún mi. Mo mọ ẹni tó gba ẹ̀bí mi, mo mọ ẹni tí a jẹ ní gbèsè oore, mo mọ bí ìjà ṣe ń parí. Kò jókòó kọ́ mi ní ọ̀kankan nínú wọn. Ó rán mi níṣẹ́ ni.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó ń ránni níṣẹ́ ló jáde kúrò nílé yín ní oṣù kẹta. Àlàfo rẹ̀ ni ẹ ń rí tí ẹ fi rò pé ilé ti ṣófo. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti lè rán yín níṣẹ́, àlejò ni yín níbẹ̀, bó ti wù kí wọ́n ṣe yín lọ́jọ̀ tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ó wò: ní Kérésìmesì ọdún méjì mẹ́ta tó kẹ́yìn, kí ni àwọn ọmọ yín ṣe ní Iléṣà? Tó bá jẹ́ pé fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ lórí àga títí ìrẹsì fi jinná, àlejò ni wọ́n ti ń ṣe bọ̀ láti ìgbà ayé Màmá. Mi ò sọ ọ́ láti dá yín lẹ́bi. Màmá ti dàgbà, ẹ kò fẹ́ wàhálà fún wọn, ẹ sì fẹ́ kí àwọn ọmọ sinmi. Bó ṣe ń rí nílé gbogbo wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ṣeé tún ṣe lọ́dún yìí gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n rìn díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Kérésìmesì kì í ṣe ọdún àtayébáyé lọ́dọ̀ wa. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, Henry Townsend, míṣọ́nnárì bíi tirẹ̀, dé ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì níbẹ̀. Ìrelé ọdún ti wà lọ́wọ́ wa ṣáájú ìyẹn. A ń relé ọdún egúngún, a ń relé ọdún iṣu, àwọn Mùsùlùmí wa sì ní ọdún kan tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń wí pé ilé yá. Nígbà tí Kérésìmesì dé, inú bàtà tó ti wà nílẹ̀ ló ti ẹsẹ̀ bọ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tiwa, ọ̀rọ̀ ajé tún kún un. Àwọn òṣómàáló máa ń kó aṣọ lọ sí oko àwọn àgbẹ̀ ní àwìn, wọn á sì padà lọ lóṣòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi gba owó wọn. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù Kejìlá ni kòkó ń jáde jù, owó á wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, gbèsè á ṣeé gbà. Òjò ti dá, ojú ọ̀nà ti gbẹ, ilé ìwé ti gba ìsinmi. Ẹni tó ti kiri láti ọdún dé ọdún rí àkókò kan tí owó wà lápò rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò níṣẹ́, tí ọkọ̀ sì lè kọjá. Ibo ni kó tún lọ, bí kò ṣe ilé? Ẹ kò sí lórí ìrìn àjò tuntun, arábìnrin mi. Àwọn bàbá yín ti rìn ín fún yín.

Ṣé ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni mọ́ ṣeé lọ? Ìtàn Àjàyí Crowther ni mo máa ń rántí sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, òun àti ìyá rẹ̀ Àfàlá àti àwọn àbúrò rẹ̀, ni wọ́n bá já wọn gbà kúrò lọ́wọ́ ara wọn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ 1846, ọmọ àti ìyá tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn láì lè sọ̀rọ̀, omi ń dà lójú ìyá òun, ó ń gbọ̀n bó ṣe di òun lọ́wọ́ mú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń pè é nígbà tó wà ní kékeré. Òṣogùn ti tú ní tirẹ̀. Ilé tí wọ́n bí Àjàyí sí ti jóná. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ yẹn ṣì wà lẹ́nu ìyá. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ilé lè jó kí àwọn orúkọ má jó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé lè wà ní dídúró, kí orúkọ sì ti tán nínú rẹ̀. Kí ni Màmá fi ń pe àwọn ọmọ yín? Kí ni oríkì tí wọ́n ń kì yín tí ẹ bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí kí ẹ tó sùn. Èyí kò gbọdọ̀ dúró de Kérésìmesì.

Mo ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìrora. Mo gba ohùn ìyá ìyá mi sínú kásẹ́ẹ̀tì nígbà kan, wákàtí kan gbáko, wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣọdún nígbà tí wọ́n wà ní wúńdíá. Ọdún kejì ni mo fi orin gbà á lé e lórí láì wò ó. Wọ́n ti kú nígbà tí mo mọ̀. Lónìí ẹ ní fóònù tó ń gba ohùn, ó ń gba àwòrán. Tí ohùn Màmá bá ṣẹ́ kù lórí WhatsApp ẹnikẹ́ni nínú ẹbí, bó jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń béèrè owó gáàsì ni, ẹ gbà á, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì.

Nígbà tí ẹ bá dé Iléṣà, tí ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó gbé ìgbálẹ̀. Ẹ fa èémí sínú. Òórùn ló ń gba ọ̀nà tó kúrú jù lọ sí apá ibi tí ọpọlọ ń kó ìrántí àti ìmọ̀lára pamọ́ sí. Ohun tí a fojú rí àti ohun tí a fetí gbọ́ máa ń gba ibòmíràn kọjá kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Nítorí náà, káńfọ̀ inú àpótí Màmá, òrí tí wọ́n fi ń pa ẹsẹ̀ nígbà ọyẹ́, èéfín tó ti wọ ògiri ilé ìdáná, á lu yín lójijì. Ẹkún á dé. Ẹ jẹ́ kó dé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i. Àwọn ẹbí kan kì í ṣọdún rárá lọ́dún tí òkú bá ṣẹ̀, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 81 tó rí ọmọ, tó rí ọmọ ọmọ, kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Ẹ lè sunkún kí ẹ sì dáná.

Lórí oúnjẹ: ẹ se ohun tí Màmá ń sè, bí wọ́n ṣe ń sè é. Àwọn Àgùdà ní Èkó, tí àwọn bàbá ńlá wọn ti Brazil padà dé láti bí ọ̀rúndún méjì sẹ́yìn, ṣì ń fi ẹ̀wà dúdú àti omi àgbọn se frejon ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fojú kan Brazil rí. Ìkòkò ló gbé e dé ọwọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní London wá kù. Mo fẹ́ gbèjà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà lókè òkun kò gbọ́ "wá bá mi gbé nǹkan yìí" láti ilé mọ́. "Fi owó ránṣẹ́" ni wọ́n ń gbọ́. Owó òrùlé, owó ìsìnkú, owó ẹran. Ẹni tó bá ti jẹ́ àpò owó fún ilé fún ogún ọdún, tó wá ní kí wọ́n ta ilé náà, kì í ṣe ọmọ burúkú. Ilé náà kò fún un ní nǹkan mìíràn ṣe ni. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ títà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ rán an níṣẹ́ tí kì í ṣe ti owó. Ẹ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ẹ wà ní kékeré, kí ni iṣẹ́ yín láàárọ̀ Kérésì?" Kó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín lórí fóònù, kó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó sì pe ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà dípò rẹ̀ lórúkọ. Kó jẹ́ òun ni yóò gbàdúrà sí oúnjẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá jọ sọ̀rọ̀ ilé.

Tí ọ̀rọ̀ bá wá di ti títà lóòótọ́, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Tó bá jẹ́ Bàbá ló kọ́ ilé náà, tí wọn kò sì ṣe ìwé ogún, ilé ẹbí ni lábẹ́ àṣà wa. Kò sí ọmọ kan tó lè dá a tà. Olórí ẹbí gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí i, kí àwọn àgbà ọmọ sì fọwọ́ sí i. Èyí tí wọ́n bá tà lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni lójú ilé ẹjọ́. Yálà orí-ó-jorí (iye orí ọmọ) ni ẹ bá fi pín ogún tàbí ìdí-igi (iye ìyàwó tó bímọ), ọmọ obìnrin ní ìpín tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin. Èrò tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ sí nǹkan kan títí Kérésìmesì ọdún kan yóò fi kọjá nínú ilé náà láì sí Màmá. Ọ̀fọ̀ kì í jẹ́ ká rí ilé bó ṣe rí gan-an.

Ẹ má gbàgbé ilé ọkọ yín pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ní ilé bàbá, iṣẹ́ sì yẹ kó wà fún wọn níbẹ̀ náà. Ẹ lè ṣe Kérésìmesì ní Iléṣà, kí ẹ lọ ṣe ọdún tuntun lọ́hùn-ún.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé. Marshall Duke àti Robyn Fivush, àwọn onímọ̀ nípa ìwà àti èrò ẹ̀dá ní Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà, kó ogún ìbéèrè jọ fún àwọn ọmọdé: ṣé o mọ bí àwọn òbí rẹ ṣe pàdé? Ṣé o mọ ibi tí ìyá rẹ ti dàgbà? Ṣé o mọ ibi tí orúkọ rẹ ti wá? Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó mọ èsì rẹ̀ jù ni ọkàn wọn balẹ̀ jù, tí wọ́n sì níyì lójú ara wọn. Duke sì sọ ọ́ gbangba pé kíkọ́ èsì náà sórí kọ́ ló ń ṣe é. Jíjókòó papọ̀ tí ìtàn ti ń jáde ló wà nídìí rẹ̀. Fún ọmọ Yorùbá, ìbéèrè nípa orúkọ yẹn nìkan tó gba alẹ́ méjì. Ẹ jókòó sábẹ́ kàléńdà ẹgbẹ́ Màmá tó ṣì ń rọ̀ lára ògiri, kí ẹ sọ ìdí tí wọ́n fi sọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó ń jẹ́.

Ẹ bẹ aládùúgbò kan kó bá yín ṣí fèrèsé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Láàárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì, tí ìrẹsì bá ti jinná, ẹ to àwo Màmá sílẹ̀, kí ẹ ka orúkọ àwọn tí wọ́n ń bù fún. Ẹ gbé àkọ́kọ́ fún àbíkẹ́yìn yín. Ẹ fi ilé tó ń lọ hàn án láti ẹnu ọ̀nà, ẹ sọ ohun tí yóò wí tó bá dé ibẹ̀ fún un, kí ẹ sì sọ pé kó kúnlẹ̀, tàbí kó dọ̀bálẹ̀ tó bá jẹ́ ọkùnrin. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó dá lọ. Ẹ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi gbé àwo náà padà dé.